Orí Kẹfà: Ẹni Tí Ń Sínni Jẹ àti Ẹni Tí À Ń Sín Jẹ

Ní oṣù Kejì ọdún 1826, ọmọ ilẹ̀ Scotland kan tí ń jẹ́ Hugh Clapperton jókòó ní Ọ̀yọ́-Ilé, ó ń wo eré eégún. Aláàfin Májòtú ló gbà á lálejò. Àwọn ọ̀jẹ̀ ti jó nínú àpò, wọ́n sì ti sọ ara wọn di erè tó ń wọ́ nílẹ̀. Nígbà tó kan ìran kẹta, aṣọ bẹ̀rẹ̀ sí í ṣí díẹ̀díẹ̀ kúrò lórí ohun kan, ni ènìyàn funfun báláú bá yọ lábẹ́ rẹ̀, ó rí tín-ín-rín, òtútù sì ń mú un. Ó ń fín áṣáà, ó ń fi ọwọ́ ra ọwọ́, ó wá ń rìn gẹ́gẹ́ bí ẹni tí àtẹ́lẹsẹ̀ rẹ̀ kò kan ilẹ̀ rí láyé. Ẹ̀rín bú nínú agbo, gbogbo ojú sì yí sí àlejò náà, wọ́n fẹ́ mọ̀ bóyá ó rí ara rẹ̀. Ó rí i. Nínú ìwé ìrìnàjò rẹ̀, tí wọ́n tẹ̀ jáde ní 1829 lẹ́yìn ikú rẹ̀, ó gbà pé ọ̀jẹ̀ náà mọ òun ín sín jẹ.

Kò ju ọdún mélòó kan lọ lẹ́yìn náà tí òyìnbó kan ní Amẹ́ríkà kun ojú rẹ̀ dúdú, tó wọ àkísà, tó ń jó bí arọ lórí ìtàgé, tó ní ẹrú aláwọ̀ dúdú lòun ń ṣe. Thomas Dartmouth Rice ni orúkọ rẹ̀, Jim Crow ni ó sì pe ẹni tó ń sín jẹ. Ẹ̀rín bú níbẹ̀ náà.

Ẹni tó bá wo eré méjèèjì láìfara balẹ̀ yóò ní ọ̀kan náà ni wọ́n. Funfun ni wọ́n kùn níhìn-ín, dúdú ni wọ́n kùn lọ́hùn-ún. Ṣùgbọ́n ìran Ọ̀yọ́ parí nígbà tí wọ́n ká aṣọ eégún, nígbà tí orúkọ tí Rice fi ń pa àwọn ènìyàn lẹ́rìn-ín di orúkọ òfin tó ń sọ ibi tí ènìyàn lè jókòó sí nínú ọkọ̀ ojú irin. Ohun tó fa ìyàtọ̀ yìí ni orí yìí ń wádìí. Èrò wa ni pé kì í ṣe inú ọ̀dà tí wọ́n fi kun ojú la ti máa rí i. Ipò ẹni tí à ń sín jẹ ló yẹ ká wò: ibo ló wà nígbà tí eré ń lọ, ṣé ó sì láàyè láti dá ẹ̀fẹ̀ náà padà?

Àlejò nínú agbo alárìnjó

Òyìnbó kọ́ ni ẹni àkọ́kọ́ tí àwọn alárìnjó sín jẹ. Lára ìdán wọn ni ọ̀mùtí wà àti aṣẹ́wó, Tápà wà níbẹ̀, Gàḿbàrí wà níbẹ̀, títí kan Ìdàhòmì. Òyìnbó wulẹ̀ dé bá wọn ni, wọ́n sì wá àyè fún un láàárín àwọn àlejò yòókù.

Ní 1826, onílé ló lágbára. Ọ̀nà ni Clapperton ń tọrọ kí ó lè kọjá lọ sí òkè, kò sì lè gbéra àfi tí ọba bá yọ̀ǹda. Ẹ̀fẹ̀ tí wọ́n fi í ṣe jẹ́ ẹ̀fẹ̀ onílé sí àlejò. Ṣùgbọ́n ẹ wo ohun tó ṣẹlẹ̀ sí ìdán yìí kan náà lẹ́yìn tí ìjọba òyìnbó fìdí múlẹ̀. Lágbègbè Ẹ̀gbádò, eégún Òyìnbó a máa jáde ní tọkọtaya, imú wọn a rí ṣóńṣó, irun wọn a gùn. Wọn a dì mọ́ ara wọn jó bí àwọn òyìnbó ṣe ń jó, wọn a fẹnu ko ara wọn lẹ́nu ní gbangba, ohun tí ọmọlúàbí kì í ṣe lójú àwùjọ. Òmíràn nínú wọn a mú ìwé àti gègé dání, a máa kọ nǹkan sílẹ̀ ṣáá. Lásìkò yìí, ohun tí òyìnbó bá kọ sínú ìwé lè di owó orí, ó sì lè di ẹ̀wọ̀n. Ọ̀rọ̀ wá yí. Ẹ̀fẹ̀ tó ti jẹ́ ti onílé sí àlejò di ti ẹni tí wọ́n ń jọba lé lórí sí ẹni tó ń jọba, bẹ́ẹ̀ ni wọn kò ní láti yí ojú eégún náà padà púpọ̀.

Kí akẹ́kọ̀ọ́ má ṣe tìtorí èyí rò pé ẹ̀fẹ̀ tiwa mọ́ tónítóní. Ti Ìdàhòmì lè yé wa: ní 1851 àti ní 1864, ogun Dàhòmì ya bo Abẹ́òkúta, ẹni tí ẹ̀rù bà tó sì yè é lè fẹ́ rẹ́rìn-ín. Ti Gàḿbàrí ṣòro díẹ̀. Àwọn Haúsá tó jẹ́ ẹrú pọ̀ ní ilẹ̀ Ọ̀yọ́ kí ọ̀tẹ̀ Àfọ̀njá tó bẹ́ sílẹ̀ ní 1817, ọ̀pọ̀ wọn ló sì ń tọ́jú ẹṣin àwọn ìjòyè. Gàḿbàrí tí wọ́n ń sín jẹ lójú agbo lè jẹ́ ẹni tó dúró lẹ́yìn agbo tó di ìjánu ẹṣin olówó rẹ̀ mú. Kò sí ẹni tó yíjú wò ó bóyá ó rí ara rẹ̀. Ohun tó sún mọ́ eré Rice jù lọ nínú àṣà tiwa ni èyí, mo sì rò pé ó sàn kí a sọ ọ́ ká tó sọdá òkun.

Bí Jim Crow ṣe di òfin

Ní nǹkan bí ọdún 1830 ni Rice bẹ̀rẹ̀ ijó rẹ̀. Nígbà tó gbé e dé ìlú New York ní 1832, ní gbọ̀ngàn Bowery, ó di ìlú-mọ̀-ọ́n-ká. Ní 1836 ó ti gbé e dé London. Ìtàn tí wọ́n máa ń sọ ni pé ó rí adúláwọ̀ kan tó ń jó tó sì ń kọrin, ó sì kó ijó àti orin náà. Ìtàn yìí wà ní oríṣiríṣi, a kò sì lè fọwọ́ sọ̀yà lórí èyíkéyìí, ṣùgbọ́n ó wúlò fún wa ní ọ̀nà kan: àwọn tó ń sọ ọ́ kà á sí ohun ìwúrí ni. Kò kọ wọ́n lóminú rárá pé ohun tí ènìyàn kan mọ̀ ọ́n ṣe ti di owó lápò ẹlòmíràn.

Ní oṣù Kejì ọdún 1843, òyìnbó mẹ́rin pé jọ ní New York, Dan Emmett wà lára wọn, wọ́n pe ara wọn ní Virginia Minstrels. Láti ọjọ́ náà ni eré minstrel ti di eré odindi alẹ́ kan. Wọ́n á sun kọ́ọ̀kì tí wọ́n fi ń dí ìgò, wọ́n á pò ó mọ́ omi, wọ́n á fi kun ojú. Wọ́n á fa ètè tóbi. Wọ́n á wá jókòó ní ìlàjì òbìrípo: ẹni tó ń lu eegun wà ní ìpẹ̀kun kan, onísámbà wà ní ìpẹ̀kun kejì, àwọn méjèèjì ni aláwàdà. Ẹni tó wọṣọ bí ọ̀gá jókòó sáàárín, òun ló ń béèrè ìbéèrè tí wọ́n ń fi ìdáhùn òmùgọ̀ fèsì sí. Lẹ́yìn náà ni ìwàásù àsọdùn máa ń wà, tí ẹni tí kò mọ̀wé ń fi ọ̀rọ̀ gàgàrà sọ̀rọ̀, kí eré tó wá parí sí oko ọ̀gá, níbi tí inú gbogbo ẹrú ti ń dùn. Bánjò tí wọ́n ń ta sí gbogbo èyí, àwọn ẹrú láti Áfíríkà ló kọ́kọ́ fi akèrègbè àti awọ ṣe irú rẹ̀.

Ta ló ń san owó ìwọlé? Òṣìṣẹ́ ni ọ̀pọ̀ wọn, àwọn ará Ireland tó ṣẹ̀ṣẹ̀ dé sì pọ̀ nínú wọn. Lójú àwọn ọlọ́rọ̀ New York, àwọn ará Ireland wọ̀nyí gan-an kò yàtọ̀ sí ẹni ẹ̀gàn. Eré minstrel fún wọn ní ẹnìkan tí àwọn náà lè fojú wò láti òkè. Mo gbà pé ìdí nìyí tí eré náà fi tà tó bẹ́ẹ̀, ju ìdí pé orin rẹ̀ dùn lọ, bó tilẹ̀ jẹ́ pé orin rẹ̀ dùn lóòótọ́. Frederick Douglass, tó sá kúrò lóko ẹrú tó sì dá ìwé ìròyìn North Star sílẹ̀, sọ ojú abẹ níkòó ní 1848: ó ní olè ni àwọn òyìnbó minstrel, àwọ̀ ẹlòmíràn ni wọ́n jí tí wọ́n fi ń pawó.

Orúkọ náà kò dúró lórí ìtàgé. Ní nǹkan bí ọdún 1840, wọ́n ti ń pe àgọ́ tí wọ́n ń kó àwọn aláwọ̀ dúdú sí nínú ọkọ̀ ojú irin ní Massachusetts ní àgọ́ Jim Crow, àríwá sì ni Massachusetts, kì í ṣe gúúsù níbi tí oko ẹrú wà. Lẹ́yìn tí ẹrú parí, Louisiana ṣe òfin ní 1890 pé kí aláwọ̀ funfun àti aláwọ̀ dúdú má jókòó pọ̀. Ilé ẹjọ́ tó ga jù lọ fọwọ́ sí i ní 1896 nínú ẹjọ́ Plessy. Òfin bẹ́ẹ̀ gbilẹ̀ káàkiri gúúsù, kò sì kúrò nílẹ̀ títí di 1964. Gbogbo rẹ̀ ni wọ́n ń pè ní òfin Jim Crow. Ẹ̀fẹ̀ nìkan kọ́ ló ṣe òfin yìí, olówó oko àti olóṣèlú ló ṣe é. Ṣùgbọ́n ẹni tó ti fi ọgọ́ta ọdún rẹ́rìn-ín ènìyàn kan kì í yára bínú nígbà tí wọ́n bá lé ẹni náà dìde lórí àga.

Adúláwọ̀ tó kun ojú ara rẹ̀

Ibí yìí ni ọ̀rọ̀ ti díjú. William Henry Lane, tí wọ́n ń pè ní Master Juba, jẹ́ ọmọ adúláwọ̀ tí kò sẹ́ni tó lè bá a dọ́gba nínú ijó ní àwọn ọdún 1840. Ìwé ìpolówó eré rẹ̀ ṣèlérí pé yóò sín gbogbo àwọn gbajúmọ̀ oníjó minstrel jẹ lọ́kọ̀ọ̀kan, pé lẹ́yìn náà yóò wá sín ara rẹ̀ jẹ. Ẹ ro ìyẹn wò: ó ń sín àwọn òyìnbó tó ń sín irú rẹ̀ jẹ, kí ó tó wá sín Juba jẹ. Ní 1848 ó lọ sí London, àwọn ará ibẹ̀ sì yìn ín gan-an.

Lẹ́yìn ogun abẹ́lé tó parí ní 1865, àwọn ẹgbẹ́ minstrel tí aláwọ̀ dúdú wà nínú wọn pọ̀ sí i. Iṣẹ́ ló wà níbẹ̀, iṣẹ́ tó ń sanwó ju oko òwú lọ, àwọn olùwòran sì fẹ́ èédú lójú wọn bó ti wù kí àwọ̀ wọn dúdú tó. Kò tọ́ kí àwa tí ikùn wa yó jókòó sí yàrá ìkàwé ká máa dá wọn lẹ́jọ́.

Àwọn méjì tó yẹ ká dúró lé lórí ni Bert Williams àti George Walker. Nassau ní erékùṣù Bahamas ni wọ́n bí Williams sí ní 1874. Walker jẹ́ ọmọ Kansas. San Francisco ni wọ́n ti pàdé ní 1893. Ní ìlú náà, ní 1894, wọ́n ṣe ìpàtẹ ńlá kan, wọ́n sì kọ́ abúlé Dàhòmì síbẹ̀ kí àwọn olùwòran lè wá wo àwọn ọmọ Áfíríkà. Àkókò yìí gan-an ni ilẹ̀ Faransé ń parí ogun tó fi gba Dàhòmì, tí ọba Béhanzin sì túúbá. Àwọn ará Dàhòmì tí wọ́n ń retí kò tètè dé. Kí ni àwọn onípàtẹ ṣe? Wọ́n háyà àwọn ọmọ adúláwọ̀ Amẹ́ríkà, wọ́n da awọ ẹran bò wọ́n, wọ́n fi wọ́n sí abúlé náà. Williams àti Walker wà nínú wọn. Ọmọ Bahamas àti ọmọ Kansas di ará Dàhòmì lójú àwọn ènìyàn tí kò rí ọ̀kan rí. Nígbà tí àwọn gidi dé, wọ́n lé àwọn méjèèjì kúrò lẹ́nu iṣẹ́, ṣùgbọ́n wọ́n ń padà wá láti wo àwọn àlejò náà. Walker kọ ọ́ ní 1906 pé ibẹ̀ ni àwọn ti pinnu pé bí àwọn bá ní ẹgbẹ́ tiwọn lọ́jọ́ kan, Áfíríkà yóò wà nínú eré àwọn.

Alárìnjó ilẹ̀ Yorùbá ti ń ṣe ìdán Ìdàhòmì tipẹ́ nígbà náà. Wọ́n mọ ẹni tí wọ́n ń sín jẹ, ogun ti dà wọ́n pọ̀. Ní San Francisco, kò sí ẹni tó mọ̀ ọ́n, nítorí náà ohunkóhun tí wọ́n bá gbé jáde ti tó.

Àwọn méjèèjì rí i pé àwọn òyìnbó tó kun ojú ń pe ara wọn ní adúláwọ̀ tòótọ́. Ni wọ́n bá kúkú fi orúkọ èébú tí òyìnbó ń pe aláwọ̀ dúdú ṣe àkọlé ìpolówó wọn, wọ́n ní ojúlówó rèé. Cakewalk ni ijó tó gbé wọn dé ọ̀dọ̀ àwọn ọlọ́rọ̀. Àwọn tó mọ ìtàn rẹ̀ sọ pé oko ẹrú ni ijó yìí ti ṣẹ̀, níbi tí àwọn ẹrú ti ń fi ẹ̀rín bo ẹnu sín àwọn ọ̀gá wọn jẹ, bí wọ́n ṣe ń gbé àyà síwájú tí wọ́n ń tẹ ilẹ̀ jẹ́jẹ́. Àwọn ọ̀gá kò mọ̀ pé àwọn ni wọ́n ń sín, wọ́n ní ijó náà wù wọ́n. Àwọn minstrel òyìnbó kó o sórí ìtàgé. Williams àti Walker gbà á padà, wọ́n tún kọ lẹ́tà ìpèníjà sí ọlọ́rọ̀ William K. Vanderbilt ní 1898 pé kó wá bá àwọn díje. Aida Overton Walker, ìyàwó George, wá ń kọ́ àwọn obìnrin olówó ní ijó náà. Àwọn ọmọ-ọmọ ọ̀gá ń sanwó láti kọ́ bí ẹrú ṣe ń sín bàbá àgbà wọn jẹ.

Ní ọjọ́ kejìdínlógún oṣù Kejì ọdún 1903, eré wọn tí wọ́n pè ní In Dahomey bẹ̀rẹ̀ ní Broadway, àdúgbò eré ìtàgé New York. Will Marion Cook ló ṣe orin rẹ̀, akéwì Paul Laurence Dunbar wà lára àwọn tó kọ ọ̀rọ̀ orin, Jesse Shipp kọ ìtàn. Aláwọ̀ dúdú ni gbogbo wọn, aláwọ̀ dúdú ni àwọn òṣèré náà, irú rẹ̀ kò sì ṣẹlẹ̀ rí ní gbọ̀ngàn ńlá Broadway. Síbẹ̀, òkè pátápátá ni wọ́n ní kí àwọn olùwòran aláwọ̀ dúdú jókòó sí. Eré náà fi àwọn ẹlẹ́tàn tó ń kó ènìyàn lọ tẹ ìlú dó sí Áfíríkà ṣe yẹ̀yẹ́. Wọ́n gbé e lọ sí London lọ́dún náà. Ní ọjọ́ kẹtàlélógún oṣù Kẹfà, wọ́n ṣe é ní ààfin Buckingham fún ọjọ́ ìbí ọmọ ọba tí ń jẹ́ Edward, tó pé ọdún mẹ́sàn-án.

Nínú àwọn méjèèjì, Walker ló ń ṣe ẹ̀dá tó wọṣọ oge, kì í kun ojú. Williams ló ń kùn ún, bẹ́ẹ̀ àwọ̀ tirẹ̀ ló pọ́n jù. Èdè ẹrú tí wọ́n ń retí lẹ́nu rẹ̀, ó ní láti kọ́ ọ ni, nítorí kì í ṣe òun ló bá dàgbà. Ohun tó mú ẹ̀bùn rẹ̀ yàtọ̀ ni pé kì í sáré, kì í pariwo. Ẹ̀dá tó ń ṣe kì í ṣe òmùgọ̀ bí ti Rice. Ẹni tí oríire kì í bá pàdé ni, tó mọ̀ bẹ́ẹ̀, tó sì ń fara balẹ̀ sọ ọ́ fún ọ. Ọ̀rọ̀ burúkú tòun tẹ̀rín. Orin rẹ̀ Nobody, tó gbé jáde ní 1905, kò fi í sílẹ̀ títí ó fi kú, nítorí àwọn olùwòran kì í jẹ́ kó kúrò lórí ìtàgé láìkọ ọ́.

Walker ṣàìsàn ní 1909, ó kú ní 1911. Williams wọ ẹgbẹ́ eré Ziegfeld Follies ní 1910, òun nìkan ni aláwọ̀ dúdú láàárín àwọn gbajúmọ̀ òyìnbó, àwọn kan nínú wọn sì halẹ̀ pé àwọn yóò fiṣẹ́ sílẹ̀. Kò sẹ́ni tó lọ. Ó gba owó tí ọ̀pọ̀ òyìnbó kò gbà, ṣùgbọ́n hòtẹ́ẹ̀lì kan lè ní kó gba ẹ̀yìnkùlé wọlé. Ní ìparí oṣù Kejì ọdún 1922, ní Detroit, ó ṣubú lórí ìtàgé. Àwọn olùwòran rẹ́rìn-ín, wọ́n rò pé eré ni. Ní ọjọ́ kẹrin oṣù tó tẹ̀ lé e, ó kú ní New York.

Ibòmíràn

Ní Kúbà, àwọn eléré bufo bẹ̀rẹ̀ ní Havana ní 1868. Òyìnbó ló ń kun ojú tó ń ṣe ẹrú tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ti Áfíríkà dé, tó ń gé èdè Spéènì jẹ. Lásìkò náà, ọ̀pọ̀ Lukumí, ìyẹn àwọn ọmọ Yorùbá, ló wà lóko ìrèké níbẹ̀. Ohùn àwọn bàbá wa wà lára ohùn tí wọ́n fi ń ṣẹ̀fẹ̀. Síbẹ̀ eré yìí kan náà ni àwọn ọmọ Kúbà fi ń sọ pé àwọn kì í ṣe ará Spéènì. Ní oṣù Kìn-ín-ní ọdún 1869, àwọn ọmọ ogun afínnúfíndọ̀ ti ìjọba Spéènì yìnbọn lu àwọn olùwòran eré bufo ní gbọ̀ngàn Villanueva. Àwọn tó gba òmìnira lórí ìtàgé lọ́nà bẹ́ẹ̀ kò tí ì dá ẹrú sílẹ̀. 1886 ni ẹrú tó parí ní Kúbà.

Ní Lima ní 1941, ọmọ Brazil kan tí ń jẹ́ Abdias do Nascimento wo eré The Emperor Jones, ó sì rí i pé òyìnbó tó kun ojú ló ń ṣe ọba aláwọ̀ dúdú. Ó padà sílé, ó dá Teatro Experimental do Negro sílẹ̀ ní Rio ní 1944, eré yẹn gan-an ni wọ́n sì kọ́kọ́ gbé jáde, ní oṣù Karùn-ún 1945, pẹ̀lú ojú tí ẹnikẹ́ni kò kùn. Nígbà tí ìjọba ológun kò jẹ́ kó gbé ilé mọ́, ó wá sí Yunifásítì Ifẹ̀ ní 1976, ó ṣe olùkọ́ níbẹ̀.

Ti Gold Coast, tó di Ghana, yàtọ̀. Bob Johnson àti ẹgbẹ́ rẹ̀, ní nǹkan bí 1930, ń fi èédú àti ọ̀dà funfun kun ojú, bí wọ́n ti rí i nínú fíìmù àwọn òyìnbó tó ń kun ojú bíi Al Jolson. Adúláwọ̀ ń ṣe é fún adúláwọ̀, ní ìlú adúláwọ̀. Ojú aláwàdà lásán ni àwọn òṣèré náà kà á sí. Ó ṣeé ṣe kí ó jẹ́ bẹ́ẹ̀: ibi tí a kò ti mọ ẹni tí èébú ń bá wí, èébú a máa sọ agbára nù. Ní London ńkọ́, níbi tí wọ́n ti mọ̀? Ilé iṣẹ́ BBC ń gbé The Black and White Minstrel Show sáfẹ́fẹ́ láti 1958 títí di 1978. Àwọn tó ń jà fún ẹ̀tọ́ kọ ìwé ẹ̀hónú ní 1967, ọdún mọ́kànlá sì kọjá kí eré náà tó kúrò. Ọmọ Yorùbá tó lọ kàwé ní London láàárín ọdún wọ̀nyẹn lè tan tẹlifíṣọ̀n lálẹ́ Sátidé kó bá a pàdé.

Iṣẹ́ Ṣíṣe

1. Ta ló ń sín ta jẹ nínú ijó cakewalk, láti oko ẹrú títí dé ilé àwọn ọlọ́rọ̀? Tọ́ka sí ibi tí ẹ̀fẹ̀ náà ti yí padà, kí o sì sọ ohun tó yí i.

2. Òǹkọ̀wé orí yìí kò fẹ́ kí a dá àwọn adúláwọ̀ tó kun ojú lẹ́jọ́. Douglass dá àwọn òyìnbó minstrel lẹ́jọ́. Ǹjẹ́ o gbà pé ọ̀rọ̀ méjèèjì lè jọ dúró?

3. Wá fíìmù tàbí eré kékeré orí fóònù kan tí òṣèré ti ń sín ohùn Gàḿbàrí, Íbò tàbí ará Ìjẹ̀bú jẹ. Fi í han ẹnìkan tó jẹ́ ọmọ ibẹ̀. Kọ ohun tó sọ sílẹ̀, kí o sì kọ ibi tó ti rẹ́rìn-ín àti ibi tí kò ti rẹ́rìn-ín.